Ọgbà Adìyẹ Nígbà Òjò: Ilẹ̀ Ni Kí A Kọ́kọ́ Tọ́jú

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin olùra irè oko, ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹ̀pà tàbí ti èkùrọ́. Ọ̀rọ̀ adìyẹ ni, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí adìyẹ ń tẹ̀ nígbà òjò. Bóyá ẹlòmíràn nínú yín yóò rẹ́rìn-ín pé, “Ilẹ̀ lásán ha tó ohun tí a ń kọ sínú ìwé bí?” Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Láàrin oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án, nígbà tí owó kòkó ti tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí kòkó tuntun kò sì tíì pọ́n, ẹyin àti adìyẹ ni ó ń ra iyọ̀ àti epo sínú ilé púpọ̀. Àwọn náà ni ìyá ilé ń gbójú lé fún owó ìwé àwọn ọmọ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé nínú oṣù kẹsàn-án. Ìgbà yìí gan-an sì ni ẹrẹ̀ inú ọgbà ń pa òròmọdìyẹ.

Èrò tí a fẹ́ gbé ka iwájú yín kò gùn. Òun ni pé àdánù ìgbà òjò kì í ti ojú ọ̀run bọ́ sórí adìyẹ. Inú ilẹ̀ ni ó ti ń gòkè wá. Àgbẹ̀ tí ó bá ń náwó lórí òògùn, tí kò sì ná kọ́bọ̀ sórí ilẹ̀ ọgbà rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ni ó fi ń pọn omi. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra òògùn. Ohun tí a ń wí ni pé ìtọ́jú ilẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí òògùn máa tẹ̀lé e.

Ìdí tí ọgbà kò fi rí bí ẹ̀yìnkùlé

Ẹ rántí bí àwọn baba wa ti ń sin adìyẹ. Ní òwúrọ̀, wọn a ṣí àgò, adìyẹ a sì fọ́n ká sí ẹ̀yìnkùlé, sí orí ààtàn, sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibi tí ó bá yàgbẹ́ sí lónìí, ó lè má tún dé ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Oòrùn a gbẹ ìgbẹ́ náà, òjò a wọ́ ọ lọ, kòkòrò a jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tí ó ní láti tún ilẹ̀ ṣe fún wọn, nítorí pé ilẹ̀ pọ̀ ju adìyẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá fi wáyà yí adìyẹ ká, ọ̀rọ̀ yí padà. Adìyẹ kan tí ó ti dàgbà a máa yà tó nǹkan bí 100 gíráàmù ìgbẹ́ lójúmọ́, omi ni ó sì tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: adìyẹ 30 yóò yà kílò 3 lójúmọ́, èyí tí í ṣe kílò 90 láàrin oṣù kan. Ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ yóò bọ́ sí, ẹsẹ̀ 60 yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Koríko ni yóò kọ́kọ́ kú, nítorí pé adìyẹ a máa ha ilẹ̀, a sì máa ṣa ewé jẹ. Bí koríko bá ti kú, kò sí gbòǹgbò tí yóò la ilẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ a dì, omi kò ní lè wọlé, yóò sì dúró sójú ilẹ̀ bí omi inú àwo.

Ìgbà náà ni òjò wá dé. Bí òjò mílímítà 1 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú, lítà omi kan ni ó rọ̀ síbẹ̀. Ní Calabar, níbi tí òjò ọdún kan ń tó nǹkan bí mílímítà 3,000, ọgbà tí ó jẹ́ mítà 10 ní gígùn àti mítà 10 ní ìbú yóò gba nǹkan bí lítà omi 300,000 láàrin ọdún. Ní Monrovia, òjò ọdún kan a máa ju mílímítà 4,000 lọ. Ilẹ̀ tí adìyẹ ti tẹ̀ di líle kò lè gbé irú omi bẹ́ẹ̀ mì. Ẹrẹ̀ ni yóò dà, ìgbẹ́ ni ó sì pọ̀ jù nínú ẹrẹ̀ náà.

Ohun tí ń bẹ nínú ẹrẹ̀

Kì í ṣe ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń pa adìyẹ. Ohun tí ń gbé inú rẹ̀ ni ó ń pa á. Àrùn kan wà tí àwọn oníṣègùn ẹran ń pè ní coccidiosis, tí àwa lè pè ní àrùn ìgbẹ́-ẹ̀jẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ìn-tín kan tí ojú lásán kò lè rí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eimeria, ni ó ń fa àrùn náà. Inú ìfun adìyẹ ni ó ń gbé, ohun tí a lè fi wé ẹyin rẹ̀ a sì máa bá ìgbẹ́ jáde. Nígbà tí ẹyin yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kò tíì lè ṣe adìyẹ ní ibi. Ohun mẹ́ta ni ó ń fẹ́ kí ó tó gbó: ọ̀rinrin, ooru, àti afẹ́fẹ́. Bí ó bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì péré ti tó o. Adìyẹ a ṣa á jẹ pẹ̀lú oúnjẹ tí ó dà sílẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú rẹ̀. Láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ti tún ń bá ìgbẹ́ jáde ní ọ̀kẹ́ àìmọye.

Ẹ wo ohun mẹ́ta náà dáradára. Ooru ń bẹ ní ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. A kò lè lé e lọ. Afẹ́fẹ́ kò ṣeé dí, adìyẹ pàápàá sì ń fẹ́ ẹ. Ọ̀rinrin nìkan ni ó kù tí ó wà ní ìkáwọ́ wa. Ẹni tí ó bá mú ọ̀rinrin kúrò nínú ilẹ̀ ti gba idà lọ́wọ́ ọ̀tá.

Òròmọdìyẹ tí ó wà láàrin ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 6 ni àrùn yìí ń pa jù, nítorí pé ara wọn kò tíì mọ bí a ti ń bá a jà. Ẹ ó rí i pé wọ́n sorí kọ́, ìyẹ́ wọn rú, wọ́n sì ṣù jọ sí ojú kan bí ẹni pé òtútù ń mú wọn. Ẹ̀jẹ̀ yóò sì wà nínú ìgbẹ́ wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Kí ojú yín tó rí ẹ̀jẹ̀, àrùn ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìyẹ́. Èyí tí kò bá kú nínú wọn lè rù, kí ó má sì tètè yé.

Àrùn yìí nìkan kọ́ ni ẹrẹ̀ ń gbé pamọ́. Ẹyin aràn inú adìyẹ lè wà nínú ilẹ̀ tútù fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú. Ìgbẹ́ tí omi rin a máa mú òórùn kan jáde tí ń ta ojú àti imú, òórùn náà a sì máa ba ojú adìyẹ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó wà nínú ẹrẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ a rọ̀, a bó, a sì wú.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣì wá gbọ́. Àrùn lúkúlúkú kì í ṣe ti ilẹ̀ tútù. Àjẹsára ni ààbò tí ó wà fún un, ẹni tí ó bá sì pa àjẹsára tì nítorí pé ilẹ̀ ọgbà òun gbẹ yóò kábàámọ̀. Ohun gbogbo ní àyè tirẹ̀.

Ohun tí kòkó ti kọ́ wa

Ẹ̀yin olùra kòkó mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí àgbẹ̀ bá gbé kòkó tútù wá, ẹ ó ti ọwọ́ bọ inú àpò, ẹ ó fọ́ hóró kan, ẹ ó sì dá a padà pé kí ó lọ sá a sí i. Ẹ mọ̀ pé kòkó tí a fẹ́ kó pamọ́ kò gbọdọ̀ ní ọ̀rinrin ju nǹkan bí ìdá 7 tàbí 8 nínú 100 lọ, àti pé bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bu, yóò sì ba èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó jẹ́ ra kòkó tútù pẹ̀lú èrò pé òun yóò fi òògùn wò ó nígbà tí ó bá bu tán.

Èéṣe nígbà náà tí ẹni kan náà tí ó mọ bí a ti ń sá kòkó fi ń jẹ́ kí adìyẹ rẹ̀ sùn nínú ẹrẹ̀, tí ó sì ń sáré lọ sí ọ̀dọ̀ olóògùn nígbà tí wọ́n bá ń kú? Ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nípa kòkó ti tó fún adìyẹ. Kí ó kàn gbé e dé inú ọgbà ni ó kù.

Òògùn ń ṣiṣẹ́, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Adìyẹ mu òògùn fún ọjọ́ mélòó kan, ara rẹ̀ yá, ó sì tún padà sínú ẹrẹ̀ kan náà láti tún ṣa àrùn kan náà jẹ. Nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, àgbẹ̀ ti tún dé ilé òògùn. Àdánù ni èyí jẹ́, kódà bí adìyẹ kan kò bá tilẹ̀ kú.

Ọ̀nà tí ilẹ̀ fi ń gbẹ

Iṣẹ́ kìíní kò gba owó púpọ̀: ẹ mú omi òrùlé kúrò nínú ọgbà. Òrùlé páànù tí ó jẹ́ mítà 4 ní gígùn àti mítà 3 ní ìbú, bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ lé e lórí, lítà 600 ni yóò dà sílẹ̀, ìyẹn àgbá onílítà 200 mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó kọ́ ilé adìyẹ tí omi òrùlé rẹ̀ ń dà sí ẹnu ọ̀nà gan-an, níbi tí adìyẹ ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde. Ẹ jẹ́ kí òrùlé dà sí ẹ̀yìn ọgbà, tàbí kí ẹ ká páànù bí ọpọ́n sí etí rẹ̀, kí omi máa lọ sínú àgbá.

Iṣẹ́ kejì ni ti omi tí ń ṣàn bọ̀ láti òkè. Ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá sí apá òkè ọgbà kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí omi lè yí ọgbà ká dípò kí ó gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ibi tí ọgbà wà bá jẹ́ àfonífojì tí omi ń rọ́ sí, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ ṣí ọgbà lọ sí ibi tí ó ga.

Iṣẹ́ kẹta ni kí ẹ fi nǹkan bo ilẹ̀. Ẹ fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ tí ó wà lójú ilẹ̀ kúrò ná, nítorí pé ẹni tí ó bá da nǹkan gbígbẹ lé ẹrẹ̀ lórí kàn ń sin ín ni, kò tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ da yangí wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn sí ẹnu ọ̀nà àti sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń pọ̀ sí jù. Fún ìyókù ọgbà, èérún igi tí ó nípọn, irú èyí tí a ń rí níbi tí a ti ń la gẹdú, ni ó dára jù, nítorí pé omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Èyí tí ó kúnná bí ìyẹ̀fun àti koríko gbígbẹ kò yẹ fún ìta gbangba nígbà òjò. Omi ni wọ́n ń fà mu, wọn a bu, èbu náà a sì wọ ẹ̀dọ̀fóró adìyẹ.

Nínú ilé tí òrùlé bò, ọ̀ràn yàtọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ èérún pákó gbígbẹ, tàbí èèpo ìrẹsì, tàbí èèpo ẹ̀pà, kí ó ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní agbègbè Abakaliki kò jìnnà sí òkìtì èèpo ìrẹsì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano kò sì jìnnà sí èèpo ẹ̀pà. Ẹ máa fi réèkì yí i padà, kí ó má baà dì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tutù jù, ẹ bù ú ní ẹ̀kúnwọ́ kan kí ẹ fún un. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ra bí òkèlè, ó ti tutù jù. Bí ó bá fọ́ká lọ́wọ́ yín láìrú bí eruku, ó dára. Ìdánwò kejì rọrùn ju èyí lọ: ẹ bẹ̀rẹ̀ títí orí yín yóò fi wà níbi tí orí adìyẹ wà, kí ẹ sì mí sínú. Bí ojú bá ta yín níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ro ti adìyẹ tí ń gbé ibẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Iṣẹ́ kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni a ń gbàgbé jù: ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Ẹ fi wáyà pín ọgbà sí méjì, kí ilé adìyẹ wà láàrin, kí ó sì ní ilẹ̀kùn sí apá méjèèjì. Nígbà tí adìyẹ bá wà ní apá kìíní, ẹ gbin àgbàdo sí apá kejì. Àgbàdo tí a gbìn pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀ yóò tó yà kí òjò tó dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ìgbẹ́ tí ì bá di àrùn yóò ti di oúnjẹ fún àgbàdo, gbòǹgbò yóò ti la ilẹ̀, oòrùn yóò sì ti kàn án. Nígbà náà ni kí ẹ kó adìyẹ lọ síbẹ̀, kí apá kìíní náà sì bọ́ sí ìsinmi kí òjò àrọ̀kúrò tó dé. Ìsinmi oṣù mẹ́ta kò lè pa gbogbo ẹyin àrùn tán, ṣùgbọ́n ó ń dín iye tí adìyẹ yóò ṣa jẹ kù, ní iye tí adìyẹ bá sì ṣa jẹ ni ikú tàbí ìyè rẹ̀ wà.

Ìwé yìí ń dé ọwọ́ ẹni tí ń gbé etí òkun àti ẹni tí ń gbé òkè Ọya, òjò wọn kò sì rí bákan náà. Ní Kano, òjò ọdún kan sábà máa ń dín sí mílímítà 1,000, oṣù mélòó kan péré ni ó sì fi ń rọ̀, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó gba ìyókù ọdún. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ lè fi apá kan sílẹ̀ fún ọkà bàbà tàbí jéró fún odidi ọdún kan, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún kejì. Ṣùgbọ́n ní Calabar, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn oṣù kẹjọ. Níbẹ̀, òrùlé ni kí ẹ fi kún ìsinmi: ẹ fa páànù jáde sí i láti bo apá kan ọgbà, kí adìyẹ lè ní ilẹ̀ gbígbẹ láti ha nígbà tí òjò bá ń rọ̀ láìdá.

Iṣẹ́ karùn-ún ni ti òru. Apá tí ó pọ̀ nínú ìgbẹ́ adìyẹ ni ó ń yà lórí igi tí ó ń sùn lé. Bí ẹ bá tẹ́ pákó sábẹ́ igi náà, tí ẹ sì ń há a ní òròòwúrọ̀, ẹ ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹrù púpọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáradára. Ẹ kó ìgbẹ́ náà jọ sí abẹ́ òrùlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó jẹrà, nítorí pé ìgbẹ́ tútù a máa jó irúgbìn. Bí ó bá ti jẹrà tán, ẹ gbé e lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí sí oko àgbàdo. Ẹ gbé ìkòkò omi wọn ka orí pákó tàbí òkúta, kí ó ga tó ẹ̀yìn adìyẹ, kí wọ́n má baà máa da á sílẹ̀.

Iṣẹ́ kẹfà, ẹ má ṣe kó òròmọdìyẹ lọ sí ilẹ̀ tí àgbà adìyẹ ti lò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú ilé gbígbẹ títí ara wọn yóò fi le. Ẹ sì máa tọ́jú wọn kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà adìyẹ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí bàtà yín má baà kó àrùn bá wọn.

Ìdáhùn sí àwọn tí ń jiyàn

Ẹlòmíràn yóò ní, “Mo ti da símẹ́ńtì sí ilẹ̀ ilé adìyẹ mi, kí ni mo tún ń wá?” Símẹ́ńtì dára, nítorí pé ó ṣeé fọ̀. Ṣùgbọ́n símẹ́ńtì kì í fa omi mu. Bí ẹ kò bá tẹ́ nǹkan gbígbẹ sórí rẹ̀, tí ẹ kò sì ń kó o, ẹrẹ̀ tí ó wà lórí símẹ́ńtì àti ẹrẹ̀ tí ó wà lórí amọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Iṣẹ́ oko pọ̀, ta ni yóò máa há pákó ní òròòwúrọ̀?” A gbà pé iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó, kí ẹ ka iye òròmọdìyẹ tí ó kú ní ìgbà òjò tí ó kọjá, kí ẹ fi iye owó òògùn kún un, kí ẹ sì fi wé iṣẹ́jú mẹ́wàá lówùúrọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ ní gbangba. Ní ilé púpọ̀, ìyàwó ni ó ni adìyẹ, ọkọ ni ó sì ni ilẹ̀ àti páànù. Ìyàwó béèrè fún páànù méjì, ọkọ ní ti àká kòkó ni. Ó béèrè fún ilẹ̀ díẹ̀ sí i, ọkọ ní ibẹ̀ ni òun fẹ́ gbin iṣu sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kẹjọ bá dé, tí kò sì sí owó nílé, ẹyin ìyàwó ni gbogbo ilé ń jẹ. Ẹ̀yin baálé, kò tọ́. Owó tí ẹ bá fi páànù méjì pa mọ́ ni ẹ ó tún ná lórí òògùn tàbí lórí oúnjẹ ilé. Ẹ fún wọn ní páànù. Ẹ fún wọn ní ìlọ́po méjì ilẹ̀ tí wọ́n ń lò, kí ìdajì lè máa sinmi.

Sí ẹ̀yin olùra

Ẹ̀yin tí ń ra ẹyin àti adìyẹ, ẹ má ṣe rò pé ti àgbẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí. Bí ilẹ̀ bá kún fún ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ adìyẹ a gbé e wọ inú ìtẹ́, ẹyin a sì dọ̀tí. Àgbẹ̀ tí ó mọ̀ pé ẹ kò ní gba ẹyin ìdọ̀tí yóò fi omi fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin ní ìbòrí tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a dá a mọ́ láti dí ojú ihò ara èèpo rẹ̀. Omi ń fọ ìbòrí náà kúrò, ìdọ̀tí a sì rí ọ̀nà wọlé. Ẹyin tí ó ń dán lọ́wọ́ yín lónìí lè rùn lọ́wọ́ oníbàárà yín lọ́la. Nítorí náà, ẹ wo ilẹ̀ ọgbà kí ẹ tó wo ẹyin. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ gbẹ, tí ẹyin rẹ̀ sì mọ́ láìfọ̀, ẹ fi owó díẹ̀ kún tirẹ̀. Bí iye owó ẹyin mímọ́ àti ti ẹyin fífọ̀ bá dọ́gba, kí ni àgbẹ̀ yóò tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà?

Ẹ sì wo bàtà yín pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹrẹ̀ abẹ́ bàtà olùra ni ó ń kó ọgbà mẹ́wàá pọ̀ mọ́ ara wọn ní ọjọ́ kan. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Nàìjíríà ni a ti kọ́kọ́ rí àrùn adìyẹ H5N1 ní gbogbo Áfíríkà, àwọn tí ó pàdánù ọ̀wọ́ adìyẹ wọn kò sì tíì gbàgbé. Irú àrùn bẹ́ẹ̀ a máa bá ẹsẹ̀, táyà àti àpótí ẹyin rìn. Ẹ fọ bàtà yín kí ẹ tó kúrò nínú ọgbà kan, ẹ má sì ṣe gbé àpótí tí ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀ wọ ọgbà ẹlòmíràn. Ẹ̀yin àgbẹ̀ náà, bí olùra bá kọ̀ láti fọ bàtà, ẹ jẹ́ kí ó dúró lẹ́yìn wáyà, kí ẹ sì gbé ẹyin jáde fún un. Kì í ṣe àfojúdi. Ohun ìní yín ni ẹ ń ṣọ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ lè ṣe ní ọjọ́ kan. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká gbogbo rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi òrùlé, nítorí pé ọkọ́ àti ọwọ́ ni ìyẹn ń fẹ́ jù. Kí ó pín ọgbà sí méjì nígbà tí ó bá rí wáyà. Kí ó tẹ́ pákó sábẹ́ igi tí wọ́n ń sùn lé nígbà tí ó bá rí pákó. Ṣùgbọ́n kí ó bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tí ó ti di ẹrẹ̀ kò rọrùn láti tún ṣe lábẹ́ òjò. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí ẹ tó pa ilẹ̀kùn ilé adìyẹ dé, ẹ rìn yí inú ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí ẹsẹ̀ yín bá ti rì, ẹ fi igi kan sàmì síbẹ̀. Ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la.